Ẹ Jẹ́ Kí A Jọ Rìn: Bí A Ṣe Lè Dá Ẹgbẹ́ Afẹsẹ̀rìn Sílẹ̀ Nínú Ìjọ

Nínú ọ̀pọ̀ ìjọ wa, ẹgbẹ́ akọrin wà, ẹgbẹ́ ìyá ìjọ wà, ẹgbẹ́ ọ̀dọ́ wà. Ṣùgbọ́n ẹ wo ìyá àgbà tó ń dá gbé, tí gbogbo ọmọ rẹ̀ wà lókè òkun, tó jẹ́ pé láti ọjọ́ Ìsinmi kan sí òmíràn ni ẹsẹ̀ rẹ̀ tó ń kọjá ẹnu ọ̀nà. Ẹ wo bàbá tí dókítà sọ fún pé ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ń ru, tí wọ́n ní kó máa rìn, tí kò rí ẹni bá a rìn. Nítorí irú wọn ni mo ṣe fẹ́ kí ẹ ronú nípa dídá ẹgbẹ́ afẹsẹ̀rìn sílẹ̀ nínú ìjọ yín.

Àwọn kan ti ṣe é ṣáájú wa. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì láyé àtijọ́, àwọn òṣìṣẹ́ ní ìlú bíi Manchester àti Sheffield a máa fi ọjọ́ ìsinmi wọn rìn lọ sórí òkè, kí wọ́n lè mí afẹ́fẹ́ tó mọ́ lẹ́yìn èéfín ilé-iṣẹ́. Wọ́n dá ẹgbẹ́ sílẹ̀ ládùúgbò wọn. Ní 1935, irú àwọn ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀ wá wà lábẹ́ ẹgbẹ́ ńlá kan tí a mọ̀ sí Ramblers lónìí, tó ní ọgọ́rọ̀ọ̀rún ẹgbẹ́ kéékèèké ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, Scotland àti Wales. Ẹgbẹ́ ńlá ló ń pèsè orúkọ, ẹ̀kọ́ àti ìbánigbófò. Ẹgbẹ́ kékeré ló mọ ọ̀nà, òun náà ló mọ ilé ẹni tí ara rẹ̀ kò yá. Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, t'àgbàlagbà kò wọ kèrègbè.

Báwo wá ni ẹ ó ṣe bẹ̀rẹ̀? Ẹ kọ́kọ́ lọ bá àlùfáà àti ìgbìmọ̀ ìjọ, kí ẹ gba àyè. Ẹ ṣàlàyé ọjọ́, wákàtí àti ọ̀nà tí ẹ fẹ́ máa gbà. Ẹ yan ọjọ́ tí kò ní forí gbárí pẹ̀lú ètò ìjọ. Ẹgbẹ́ tí a dá sílẹ̀ ní kọ̀rọ̀ a máa bí ìfura, ìfura a sì máa bí ìyapa. Odò tó bá gbàgbé orísun rẹ̀, gbígbẹ ni yóò gbẹ.

Èkejì, ẹ má ṣe fi owó bẹ̀rẹ̀. Mo mọ̀ wá dáadáa: kí ẹsẹ̀ tó kan ilẹ̀, a ti ń bèèrè iye tí aṣọ ẹgbẹ́ jẹ́! Opó tí kò lówó aṣọ yóò jókòó sílé, bẹ́ẹ̀ òun gan-an lẹ ń wá. Bàtà tó rọ ẹsẹ̀ lọ́rùn àti omi mímu ti tó.

Ẹ̀kẹta, ẹ má ṣe fi oyè kún ilẹ̀. Ẹni mẹ́ta péré lẹ nílò. Aṣáájú ni yóò kọ́kọ́ dá rin ọ̀nà náà, kó mọ ibi tí gọ́tà ti là, ibi tí ajá wà, àti ibi tí ọ̀kadà ti ń sáré. Bí títì kò bá ní ẹ̀gbẹ́ tí a lè rìn, ẹ máa kọjú sí ọkọ̀ tó ń bọ̀. Akọ̀wé ni yóò kọ orúkọ àwọn tó wá, pẹ̀lú nọ́ńbà fóònù ẹbí wọn. Ẹni tó ní àrùn ọkàn tàbí àtọ̀gbẹ, kó bi dókítà rẹ̀ léèrè kó tó bẹ̀rẹ̀.

Ẹnì kẹta ni ẹni ẹ̀yìn, òun ló sì ṣe pàtàkì jù. Iṣẹ́ rẹ̀ ni pé kò gbọdọ̀ sí ẹnikẹ́ni lẹ́yìn òun. Ẹ rántí Jákọ́bù nínú Jẹ́nẹ́sísì orí 33. Ésáù, tó kó 400 ọkùnrin lẹ́yìn, ní kí àwọn jọ máa lọ. Jákọ́bù wo àwọn ọmọ wẹ́wẹ́ àti ẹran tó ń fọ́mọ lọ́mú, ó ní kí Ésáù máa ṣáájú. Òun yóò máa bọ̀ ní ìwọ̀n tí ẹsẹ̀ àwọn ọmọ lè gbé. Ẹgbẹ́ tó ń rìn bí àwọn ọ̀dọ́ ti lè yára tó, láàárín oṣù kan, àwọn ọ̀dọ́ nìkan ni yóò kù níbẹ̀. Bí ìyá àgbà bá dúró sinmi, kí gbogbo yín dúró.

Àjọ Ìlera Àgbáyé ní kí àgbàlagbà máa lo ara, ó kéré tán, fún ìṣẹ́jú 150 lọ́sẹ̀, bíi kéèyàn rìn kánmọ́kánmọ́. Ọgbọ̀n ìṣẹ́jú lọ́jọ́ márùn-ún ti kájú rẹ̀. Nítorí náà, bí ẹ bá jọ rìn láàárọ̀ Sátidé, kí àwọn tó ń gbé nítòsí ara wọn máa pe ara wọn jáde láwọn ọjọ́ yòókù. Ẹni tí kò bá yọjú, kí ẹnì kan kan ilẹ̀kùn rẹ̀ lọ́jọ́ náà gan-an. Ọ̀pọ̀ àìsàn tí a kì í tètè gbọ́, ibẹ̀ la ó ti gbọ́ ọ.

Ẹ̀yin olùkàwé mi, ta ló ń dá jókòó nínú ìjọ yín? Bí ìsìn bá parí lọ́jọ́ Ìsinmi tó ń bọ̀, ẹ wá ẹni méjì tí ọkàn wọn bá tiyín mu, kí ẹ jọ lọ rí àlùfáà. Kí Ọlọ́run fún ẹsẹ̀ wa lókun. Àmín.