Pákó A Máa Dán Lóde, Kí Kòkòrò Wà Nínú Rẹ̀

Ẹni tí ó bá mọ Niamey, olú-ìlú ilẹ̀ Niger, kò ní ṣàìmọ ọjà Katako. Láti inú èdè Hausa ni orúkọ náà ti wá; pákó ni ó túmọ̀ sí. Níbẹ̀ ni a ti ń ta pákó, páànù àti irin àlòkù, tí àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ sì ń lu irin láti òwúrọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́. Láti ayé ìjọba Faransé ni àwọn ọmọ Yorùbá ti ń ṣòwò ní Niamey; wọ́n ti bímọ síbẹ̀, ọmọ wọn náà sì ti bímọ.

Ẹni tí ó bá fẹ́ ra pákó kì í wo ojú rẹ̀ nìkan. A máa yí i síwá, a máa yí i sẹ́yìn, a sì máa fi ìka kàn án láti gbọ́ bí ó ti ń dún, nítorí pé pákó a máa dán lóde nígbà tí kòkòrò ti jẹ inú rẹ̀ tán. Kò sí ọlọ́jà tí í bínú nítorí èyí pé a pe òun ní olè. Bí a bá lè yẹ pákó wò láìsí ìtìjú, èé ṣe tí ó fi di èèwọ̀ kí ọmọ ènìyàn yẹ ara rẹ̀ wò? Ìbéèrè yìí ni a gbé tọ ẹ̀yin òbí wá lónìí, nítorí àwọn ọmọ wa tí ń bẹ ní yunifásítì.

Ní òdìkejì Odò Ọya ni yunifásítì Niamey wà. Ọmọ tí ó bá ti Katako lọ síbẹ̀ yóò gba orí afárá Kennedy, èyí tí a ṣí ní ọdún 1970. Ní ọdún 1971 ni a dá ilé ẹ̀kọ́ gíga náà sílẹ̀. Ó di yunifásítì ní ọdún 1973. Lẹ́yìn náà ni a wá fi orúkọ Abdou Moumouni sọ ọ́, ọ̀mọ̀wé ilẹ̀ Niger tí ó ṣe iṣẹ́ ìwádìí lórí agbára oòrùn, tí ó sì kú ní ọdún 1991. Ohun ayọ̀ ni fún òbí kí ọmọ rẹ̀ kọjá afárá yìí. Ṣùgbọ́n a máa ń di aṣọ fún un, a máa ń di oúnjẹ fún un, a sì ń san owó ìwé rẹ̀, ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni a kì í bá a sọ.

A mọ ohun tí ó fà á. Ní ayé àwọn baba wa, ìgbà tí ọmọbìnrin bá ń lọ sí ilé ọkọ ni ìyá tàbí àwọn ìyàwó ilé máa ń pè é sí kọ̀rọ̀, tí wọ́n á sì là á lóye. Ní ilẹ̀ Niger, ọjọ́ náà kì í pẹ́ dé. Ìwádìí ọdún 2012 fi hàn pé nínú 100 obìnrin tí ọjọ́ orí wọn wà láàárín ọdún 20 sí 24, 76 ni a ti fi fún ọkọ kí wọ́n tó pé ọdún 18. Ṣùgbọ́n ọmọ yunifásítì lè pé ọdún 23 tàbí 24 kí ó tó ronú ìgbéyàwó. Ọjọ́ tí àṣà wa yàn fún ẹ̀kọ́ náà kò tí ì dé, àgbà ti dé sí i lára, kò sì sí òbí rẹ̀ nítòsí. Ta ni yóò wá kọ́ ọ? Ojúgbà rẹ̀ tí kò mọ̀ jù ú lọ ni.

Ẹ jẹ́ kí a fi ọmọkùnrin kan ṣe àpẹẹrẹ. Ó jí ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan, ìtọ̀ ń ta á, ọyún sì ń jáde lójú ara rẹ̀. Ó mọ̀ pé ilé ìwòsàn wà, ṣùgbọ́n ó ń bẹ̀rù kí ará ilé má baà rí i níbẹ̀. Ó wá lọ sí ìdí àtẹ oògùn ẹ̀bá ọ̀nà, ó ra hóró mẹ́rin, ó gbé e mì. Ìrora náà rọlẹ̀, ó sì rò pé òun ti bọ́. Kò mọ̀ pé àrùn náà lè ṣì wà lára òun, kò sì sọ nǹkan kan fún ọmọbìnrin tí wọ́n jọ ń rìn. Àtọ̀sí a sì máa wọ ara obìnrin láìfi àmì kankan hàn, títí yóò fi dé ilé-ọmọ, tí yóò sì ba ọ̀nà tí ẹyin ń gbà jẹ́. Lẹ́yìn ọdún mẹ́wàá, nígbà tí ìyá ọkọ bá ń béèrè ọmọ, ta ni yóò rántí hóró oògùn mẹ́rin?

Ìṣòro yìí kì í ṣe ti Niamey nìkan. Àjọ Ìlera Àgbáyé ṣírò rẹ̀ pé lójoojúmọ́, ó ju mílíọ̀nù kan ènìyàn lọ tí ń kó àrùn ìbálòpọ̀ tí ó ní ìwòsàn. Àjọ yìí kan náà kìlọ̀ ní ọdún 2017 pé àtọ̀sí ń di èyí tí oògùn kò ràn mọ́, nítorí pé a ń lo oògùn nílòkulò.

Ní ti éèdì, ọdún 1987 ni a kọ́kọ́ ròyìn rẹ̀ ní ilẹ̀ Niger. Ìwádìí ọdún 2012 rí kòkòrò HIV lára ènìyàn bíi mẹ́rin péré nínú 1,000 àgbàlagbà. Ọpẹ́ ni èyí, ṣùgbọ́n kò yẹ kí ó mú wa sùn, nítorí pé kòkòrò náà kì í hàn lójú. Àyẹ̀wò kékeré ni ó lè fi í hàn láàárín ìwọ̀n ọgbọ̀n ìṣẹ́jú. Bí ó bá jẹ́ pé láìpẹ́ yìí ni nǹkan náà ṣẹlẹ̀, a ní láti tún àyẹ̀wò náà ṣe lẹ́yìn oṣù mẹ́ta. Ẹni tí a bá sì rí i lára rẹ̀ kò tí ì kú. Bí ó bá ń lo oògùn rẹ̀ déédéé títí a kò fi rí kòkòrò náà nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ mọ́, kò lè kó o ran ẹnìkejì rẹ̀ nípa ìbálòpọ̀.

Ohun kan tún wà tí a fẹ́ kí gbogbo òbí há sórí. Ọmọ tí ẹnì kan bá fi ipá bá lò pọ̀, tàbí tí rọ́bà ìdáàbòbò bá bẹ́ mọ́ lára, kò gbọdọ̀ jókòó sunkún títí ọ̀sẹ̀ yóò fi yí po. Oògùn wà tí ó lè dènà HIV bí a bá bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ kí wákàtí 72 tó kọjá, tí a sì lò ó fún ọjọ́ 28. Èyí tí ń dènà oyún wà pẹ̀lú, láàárín ọjọ́ márùn-ún, ṣùgbọ́n bí a bá ti tètè lò ó tó ni ó ń ṣiṣẹ́ tó. Nítorí náà, òbí tí ó kọ́kọ́ ń béèrè irú aṣọ tí ọmọbìnrin rẹ̀ wọ̀ ń fi wákàtí ṣòfò.

Àwọn kan yóò wí pé bí a bá kọ́ ọmọ ní nǹkan wọ̀nyí, a ti rán an níṣẹ́ àgbèrè. A kò gbà bẹ́ẹ̀. Mùsùlùmí àti Kìrìsìtẹ́nì ni wá, a sì mọ̀ pé kí ọmọ kó ara rẹ̀ ní ìjánu títí di ìgbéyàwó ni ó dájú jù lọ. Kí a wí bẹ́ẹ̀ fún un. Ṣùgbọ́n kí a tún sọ fún un ohun tí rọ́bà ìdáàbòbò ń ṣe, àti ibi tí yóò gbà bí ẹsẹ̀ bá yọ̀. A kì í fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ pa làpálàpá.

Kì í sì í ṣe pé kò sí ẹni tí ó ti la ọ̀nà yìí fún wa. Nígbà tí Fẹlá Aníkúlápó Kútì kú ní ọjọ́ kejì oṣù kẹjọ ọdún 1997, ẹ̀gbọ́n rẹ̀, Ọ̀jọ̀gbọ́n Olíkóyè Ransome-Kuti, tí ó ti jẹ́ mínísítà ètò ìlera ní Nàìjíríà rí, dìde ní ọjọ́ kejì, ó sì kéde fún gbogbo ayé pé éèdì ni ó pa àbúrò òun. Ìdílé ńlá ni tiwọn. Wọn ìbá lè fi àìsàn mìíràn bò ó mọ́lẹ̀. Ọ̀rọ̀ ọjọ́ kan yẹn ṣí ojú ọ̀pọ̀ ènìyàn tí ó ti ń wí pé kò sí àrùn tí ń jẹ́ bẹ́ẹ̀.

Ní ilẹ̀ Niger náà, ní agbègbè Zinder, láti ọdún 2007 ni àwọn ọkùnrin ti ń jókòó nínú ohun tí a ń pè ní ilé ẹ̀kọ́ àwọn ọkọ, tí wọ́n ń jíròrò nípa ìlera àwọn aya wọn àti bí wọn yóò ṣe máa jẹ́ kí wọ́n lọ sí ilé ìwòsàn. Bí àwọn ọkọ abúlé bá lè jókòó sọ èyí láìtijú, kí ni ó dé tí ẹgbẹ́ ọmọ ìlú wa ní Niamey kò lè ya ìpàdé kan sọ́tọ̀, kí a pe nọ́ọ̀sì tàbí dókítà kan wá, kí ó bá bàbá, ìyá àti ọmọ sọ̀rọ̀? Ẹgbẹ́ ANBEF, tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ mọ́ àlàáfíà ìdílé, wà ní ìlú náà. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti dáhùn irú ìpè bẹ́ẹ̀.

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́, ẹ gbọ́ tiwa. Òfin iṣẹ́ dókítà ni pé kí ó pa àṣírí aláìsàn mọ́. Bí ọ̀rẹ́ yín bá wá sọ ìṣòro rẹ̀ fún yín, ẹ má ṣe gbé e dé gbọ̀ngàn oúnjẹ. Ẹ tẹ̀lé e lọ sí ilé ìwòsàn. Bí a bá fún yín ní oògùn, ẹ lò ó tán, kí ẹ sì sọ fún ẹnìkejì yín kí òun náà wá gba tirẹ̀.

Ẹ̀yin òbí, àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Ní alẹ́ tí ó ṣáájú ọjọ́ tí ọmọ yín yóò kọjá Odò Ọya, nígbà tí ẹ bá di ẹrù rẹ̀ tán, ẹ pè é jókòó, kí ẹ sì sọ gbólóhùn kan yìí fún un: “Ohunkóhun tí ó bá ṣẹlẹ̀ sí ọ, tètè lọ sí ilé ìwòsàn, kí o sì wá sọ fún wa, a kò ní lé ọ.” Gbólóhùn yìí kò ná yín ní kọ́bọ̀, ó sì lè gba ẹ̀mí ọmọ yín là.