Bí AI Ṣe Ń Kó Irinṣẹ́ Jọ fún Àwọn Tí Ń Ṣe Áàpù Fóònù

Ẹni tí yóò bá ṣe áàpù fún fóònù ní láti kọ́kọ́ kó irinṣẹ́ sínú kọ̀ǹpútà rẹ̀, gẹ́gẹ́ bí káfíńtà ti í kó ayùn àti òòlù jọ kí ó tó ṣe tábìlì. Ní ọdún 2007 ni Google kọ́kọ́ gbé irinṣẹ́ ti Android jáde. Bí ọ̀kan kò bá bá èkejì mu, iṣẹ́ kò ní lọ.

Lóde òní, ẹ̀rọ olóye tí a ń pè ní AI lè ṣe ìkójọ yìí fúnra rẹ̀. Oníṣẹ́ yóò sọ ohun tí ó ń fẹ́. AI yóò pàṣẹ fún kọ̀ǹpútà, yóò gba irinṣẹ́ láti orí íntánẹ́ẹ̀tì, yóò sì tún àṣìṣe ṣe.

Ṣùgbọ́n ewu ń bẹ níbẹ̀. Ní ọdún 2024, àwọn olùwádìí ní Amẹ́ríkà dán irú AI 16 wò. Wọ́n rí orúkọ irinṣẹ́ 205,474 tí AI dá lábàá, tí kò sì sí rárá. Bí olè bá fi irú orúkọ bẹ́ẹ̀ pe irinṣẹ́ búburú tirẹ̀, AI lè gbé e wọlé láìfura. Ewu náà lè ti ibẹ̀ dé ọ̀dọ̀ gbogbo ẹni tí ó bá lo áàpù náà.

Nítorí náà, ó tọ́ kí oníṣẹ́ yẹ orúkọ kọ̀ọ̀kan wò kí ó tó gbà á wọlé. Ẹni tí ó rán ọmọ lọ sí ọjà ní láti wo ohun tí ọmọ náà rà bọ̀.