Àlàyé Lórí Aago Kọ̀ǹpútà Tó Ń Ṣìnà

Ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ bá yín sọ lóṣù yìí lè dà bí ọ̀rọ̀ kékeré, ṣùgbọ́n owó wà nínú rẹ̀. Àwọn kan nínú yín ti mú rìsíìtì tí kọ̀ǹpútà ṣọ́ọ̀bù wọn tẹ̀ jáde wá sí ọ́fíìsì, wọ́n ní kí a wo ọjọ́ tó wà lórí rẹ̀. Ọjà tí wọ́n tà lọ́sẹ̀ tó kọjá ni, ìwé ń sọ pé oṣù kìíní ọdún 2009 ni wọ́n tà á. Ti ẹlòmíràn, ọjọ́ rẹ̀ pé, aago ni kò pé. Aago 10 òwúrọ̀ ni oníbàárà dúró níwájú rẹ̀, aago 1 òru ni rìsíìtì kọ. Gbogbo wọn ló sì ń sọ ohun kan náà: "A ti tẹ̀ ẹ́ títí pé kó lọ bá íntánẹ́ẹ̀tì mú aago, kò gbọ́."

Ẹnì kan lè ní kí ló kàn wá nínú aago, ṣé kì í ṣe ọjà la ń tà ni? Ó kàn wá o. Nínú ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù, ọjọ́ ni a fi ń ṣírò ohun gbogbo. Ọjọ́ tí ẹ gba ẹ̀yáwó ni a ti ń ka oṣù, ọjọ́ tí ẹ san án tán ni èlé dúró. Bí ẹ bá sanwó lónìí, tí kọ̀ǹpútà kọ ọ́ sí ọdún 2009, nígbà tí akápò bá ní kí ó to gbogbo owó tó wọlé lóṣù yìí jáde, owó yín kò ní sí níbẹ̀. Orúkọ yín á bọ́ sáàárín àwọn tó jẹ gbèsè, wọ́n á sì ránṣẹ́ sí onídùúró yín. Ìtìjú ńlá ni fún ẹni tó ti sanwó. Ẹni tó ń ta àwìn náà ńkọ́? Oníbàárà lè ní òun ti san owó aṣọ kí ọdún tó parí, kí ẹ̀yin ní rárá. Bí ìwé yín bá ń purọ́ ọjọ́, ta ni yóò gbà yín gbọ́?

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ mọ ohun tó ń gbé aago náà rìn. Nínú kọ̀ǹpútà, bátìrì kékeré kan wà, ó rí pẹrẹsẹ bí owó onírin. Èyí tó wọ́pọ̀ jù ni wọ́n ń pè ní CR2032, agbára rẹ̀ jẹ́ fólítì 3. Bí iná bá wà, tí wáyà kọ̀ǹpútà orí tábìlì sì wà lójú iná, iná yẹn ló ń bọ́ aago, kódà bí ẹ bá ti pa kọ̀ǹpútà. Bí iná bá lọ, tàbí tí ẹ bá pa á láti ara ògiri kí ẹ tó lọ sílé, bátìrì yìí nìkan ni gbogbo iṣẹ́ já lé léjìká. Ẹ̀yin náà sì mọ bí iná ṣe ń ṣe wá nígboro Ìbàdàn. Ìdí nìyẹn tí bátìrì tó yẹ kó lo ọdún púpọ̀ fi ń tètè kú lọ́dọ̀ wa.

Bí ó bá ti kú, ẹ ó mọ̀. Ẹ ó tan kọ̀ǹpútà láàárọ̀, ọjọ́ á ti padà sí ọdún kan tó ti pẹ́. Ẹ ó tún un ṣe, á dára títí di ìrọ̀lẹ́, nígbà tó bá di ọjọ́ kejì á tún padà síbẹ̀. Ẹni tí ti rẹ̀ bá ń ṣe báyìí, kó má wulẹ̀ dá íntánẹ́ẹ̀tì lẹ́bi. Kó pààrọ̀ bátìrì.

Báwo wá ni kọ̀ǹpútà ṣe ń gba aago láti orí íntánẹ́ẹ̀tì? Láyé àtijọ́, rédíò la fi ń ṣe aago. Ẹni tó ń sọ̀rọ̀ níbẹ̀ á ní aago 7 lù, gbogbo wa á yí ọwọ́ aago wa. Orúkọ tí àwọn àgbà fún un kò sì ṣìnà: asọ̀rọ̀mágbèsì. Ó sọ tirẹ̀, kò gba èsì. Ti íntánẹ́ẹ̀tì yàtọ̀, nítorí kọ̀ǹpútà yín ló máa kọ́kọ́ bèèrè, tí wọ́n á sì dá a lóhùn. Ètò tí wọ́n fi ń ṣe é ń jẹ́ NTP. Láti ọdún 1985 ló ti wà, David Mills ará Amẹ́ríkà, tó padà di ọ̀jọ̀gbọ́n ní Yunifásítì Delaware, tó sì kú ní ọdún 2024, ló ṣe é.

Ká ní ẹ wà ní Bẹẹrẹ, ẹ rán ọmọ lọ sí Òkè Mápó kó lọ bèèrè aago. Ó padà dé lẹ́yìn ìṣẹ́jú 20, ó ní wọ́n sọ fún òun níbẹ̀ pé aago 9 ni. Ẹ ò ní fi aago yín sí 9. Ẹ ó pín 20 sí méjì, ẹ ó fi ìṣẹ́jú 10 tó fi ń bọ̀ kún un, aago yín á wà ní 9 kọjá ìṣẹ́jú 10. Ohun tí kọ̀ǹpútà ń ṣe gan-an nìyẹn, àfi pé ọmọ tirẹ̀ kì í pẹ́ tó ìṣẹ́jú-àáyá kan lọ́nà. Bí ẹnì kan bá sì ti géètì mọ́ ọmọ náà lójú ọ̀nà, kò ní mú èsì bọ̀. Lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ẹnu ọ̀nà tí ọmọ yìí ń gbà ní nọ́ńbà, 123 ni. Àwọn ọ́fíìsì kan máa ń tì í. Bí kọ̀ǹpútà yín bá kọ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì ibi iṣẹ́, ẹ dán an wò pẹ̀lú íntánẹ́ẹ̀tì fóònù yín. Bí ó bá gbà, géètì ibi iṣẹ́ ni wọ́n tì.

Ohun tí ọ̀pọ̀ ènìyàn kò mọ̀ wá nìyí, òun ló sì ń dá wàhálà sílẹ̀ jù. Bí aago bá ti ṣìnà jù, kọ̀ǹpútà kì í gbà kí íntánẹ́ẹ̀tì tún un ṣe. Lórí Windows, bí wọ́n ṣe tò ó láti ilé iṣẹ́ fún kọ̀ǹpútà tó dá dúró, bí ìyàtọ̀ bá ju wákàtí 15 lọ, kò ní gbà á. Àwọn ènìyàn ń rò pé ó ti bàjẹ́. Kò bàjẹ́ o, ó ń ṣọ́ra ni. Bí akápò bá rí náírà 5 tó yàtọ̀ nínú lẹ́jà, á wá ibi tó ti wá, á tún un ṣe. Bí ó bá rí ìyàtọ̀ náírà 500,000, tí ẹnì kan sì ń pè é láti ọ̀nà jíjìn pé kó kàn yí i padà, ṣé á yí i? Á ní kí ènìyàn wá fojú rí i, kó fọwọ́ sí i. Nítorí náà, bí kọ̀ǹpútà yín bá wà ní ọdún 2009, ẹ̀yin fúnra yín lẹ máa fi ọwọ́ gbé e dé ọjọ́ òní, kí íntánẹ́ẹ̀tì tó lè tún ìyókù ṣe.

Ó ku ti ẹni tí ọjọ́ rẹ̀ pé ṣùgbọ́n tí aago rẹ̀ fi wákàtí 9 yàtọ̀. Tòkunbọ̀ ni púpọ̀ nínú kọ̀ǹpútà wa, aago ìlú tó ti wá ló sì ń lò. Èyí tó bá wà lórí aago ìwọ̀ oòrùn Amẹ́ríkà á fi wákàtí 8 tàbí 9 rẹ̀yìn sí tiwa, bí àsìkò ọdún bá ti rí. Bí ẹ bá fi ọwọ́ tún aago nìkan ṣe, tí ẹ kò yí orúkọ ìlú padà, íntánẹ́ẹ̀tì á tún dá a padà sí ti Amẹ́ríkà.

Àdéhùn ènìyàn kúkú ni aago. Láti ọdún 1905 aago Greenwich ni Èkó ń lò. Ní 1908 wọ́n padà sí aago Èkó gan-an, tó fi ìṣẹ́jú 13 àti ìṣẹ́jú-àáyá 35 ṣáájú rẹ̀. Ní 1914, ọdún tí wọ́n pa Àríwá àti Gúúsù pọ̀, ó di ààbọ̀ wákàtí. Ní ọjọ́ kìíní oṣù kẹsàn-án ọdún 1919 ó di wákàtí kan géérégé, ibẹ̀ la sì wà títí dòní. Oòrùn kò mọ̀ sí gbogbo èyí. Àwọn tó ń kírun ní Mọ́ṣáláṣí ńlá Ọjà'ba mọ̀ pé Àyìlà kì í wọlé ní aago 12. Kútọnu ń bá wa lo aago kan náà, ṣùgbọ́n ẹ̀yin tí ẹ ń ná Lomé àti Àkrà, wákàtí kan ni wọ́n fi wà lẹ́yìn wa.

Bí ẹ ṣe máa ṣe é nìyí. Ẹ fi ọwọ́ ọ̀tún máòsì tẹ aago tó wà nísàlẹ̀ ojú kọ̀ǹpútà, ẹ yan "Adjust date and time". Ìlú ni kí ẹ kọ́kọ́ tún ṣe: níbi "Time zone", ẹ wá "(UTC+01:00) West Central Africa". Ẹ má wá orúkọ Ìbàdàn, ẹ kò ní rí i. Lẹ́yìn náà, ẹ pa "Set time automatically" ná, ẹ fi ọwọ́ tún ọjọ́, oṣù, ọdún àti aago ṣe, kí ẹ fi fóònù wò ó. Ẹ wá tan án padà, kí ẹ tẹ "Sync now". Bí ó bá ṣì kọ̀, ẹ ní kí ẹni tó mọ̀ nípa rẹ̀ wò ó bóyá iṣẹ́ tí wọ́n ń pè ní "Windows Time" ti dúró, kó tan án. Ó sì lè fi pool.ntp.org rọ́pò time.windows.com níbi tó ti ń bèèrè.

Ti bátìrì, ẹ pa kọ̀ǹpútà, ẹ yọ wáyà kúrò lójú iná kí ẹ tó tú u. Ẹ wo ojú tó wà lókè kí ẹ tó yọ ti àtijọ́. Laptop kò rọrùn tú bẹ́ẹ̀, ẹ gbé e fún ẹni tó ń tún un ṣe. Èyí tí ẹ yọ, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má jù ú sórí káúńtà níbi tí ọmọdé wà. Bí ọmọ bá gbé e mì, tó há, ó lè dá egbò sí ọ̀nà ọ̀fun rẹ̀ láàárín wákàtí 2. Ilé ìwòsàn ni kí ẹ sáré gbé e lọ lójú ẹsẹ̀.

Ẹ ó rí i pé tí aago bá ti pé, ojú-ìwé báǹkì tí kò ṣí tẹ́lẹ̀ lè ṣí. Ìwé ẹ̀rí tí báǹkì fi ń hàn pé òun gan-an ni ní ọjọ́ ìbẹ̀rẹ̀ àti ọjọ́ ìparí. Kọ̀ǹpútà tó wà ní 2009 á ní ìwé yìí kò tíì bẹ̀rẹ̀, á ti ilẹ̀kùn. Bí ó bá kọ ọ́ síbẹ̀ pé "Your clock is behind", ohun tó ń sọ nìyẹn. Ẹ má tẹ̀ ẹ́ kọjá tipátipá, ẹ tún aago ṣe.

Rìsíìtì tó ti ní ọjọ́ tí kò tọ́, ẹ má ya á, ẹ má sì fi bírò pa ohun tí kọ̀ǹpútà kọ rẹ́. Ẹ kọ ọjọ́ tó tọ́ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, kí ẹ̀yin àti oníbàárà fọwọ́ sí i. Èyí tó bá kan owó ẹgbẹ́, ẹ mú un wá sí ọ́fíìsì pẹ̀lú ìwé ìfowópamọ́ yín àti alert tí báǹkì fi ránṣẹ́, kí a lè jọ fi wé lẹ́jà.