Ọmọ tó ń kọ́ Faransé, kí ló fẹ́ lọ ṣe l'Ágbádárìgì?

Ẹ̀yin òbí tá a jọ wà ní Ogunu àti Warri yìí, ẹ ti bi mí ní ṣọ́ọ̀bù títí: ọmọ tó ń kọ́ èdè Faransé ní yunifásítì, kí ló dé tí wọ́n ní kó lọ lo ọdún kẹta l'Ágbádárìgì?

Ìyà kọ́ o. Tẹ́lẹ̀, ilẹ̀ Faransé, Senegal tàbí Togo ni wọ́n sábà ń rán wọn lọ, kí èdè náà lè yọ̀ mọ́ wọn lẹ́nu. Nígbà tí náírà já wálẹ̀ látọdún 1986, apá ò ká a mọ́. Ìyẹn nìjọba àpapọ̀ ṣe dá Abúlé Èdè Faransé sílẹ̀ ní Àjárá, l'Ágbádárìgì, lọ́dún 1991. Faransé ni wọ́n fẹ́ kí wọ́n máa sọ níbẹ̀ láàárọ̀, lálẹ́.

Ibodè Sẹ̀mẹ̀ ò jìnnà síbẹ̀. Òfin ECOWAS gba ọmọ Nàìjíríà láàyè láti lo 90 ọjọ́ ní Benin láìgba físà, àmọ́ kó mú páásípọ́ọ̀tù dání. Sẹ́fà ni wọ́n ń ná.

Èyí tó ń kọ mí lóminú ni Àjàṣẹ́, ìyẹn Porto-Novo. Yorùbá pọ̀ níbẹ̀ gan-an, ọmọ wa á kàn máa fi Yorùbá rajà ni, Faransé á sùn! Ẹ sọ fún un kó fi Faransé ná ọjà, kódà bí wọ́n bá ń fi í rẹ́rìn-ín. Ẹ sì béèrè owó ibùgbé àti oúnjẹ kó tó kúrò nílé.