Ọkọ̀ oníná: ta ni Dádì máa bá nájà?

Ní Brockley àti Peckham, ọ̀pọ̀ nínú ẹ̀yin ọ̀dọ́ wa ló ń bá òbí fọwọ́ tẹ fóònù nígbà tí wọ́n bá fẹ́ ra nǹkan. Ní báyìí, nǹkan náà lè jẹ́ ọkọ̀. Tesla kì í gba ọwọ́ alágbàtà ta ọkọ̀ oníná rẹ̀. Orí íntánẹ́ẹ̀tì ni èèyàn ti ń rà á, iye tí wọ́n kọ síbẹ̀ náà ni wọ́n máa gbà. Kò sẹ́ni tí Dádì máa bi pé, "Èló lẹ máa gbà gan-an?"

Ní Amẹ́ríkà, irú ọjà bẹ́ẹ̀ ti di ẹjọ́ nílé ẹjọ́. Ní Texas, níbi tí àwọn ẹbí wa pọ̀ sí ní Houston, òfin ìpínlẹ̀ ní alágbàtà tó ní ìwé àṣẹ ló gbọ́dọ̀ ta ọkọ̀ tuntun, kì í ṣe ilé-iṣẹ́ tó ṣe é. Tesla kó olú ilé-iṣẹ́ rẹ̀ lọ sí Austin ní 2021, síbẹ̀ òfin náà kò yí padà. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, ẹni tó bá wọ ilé ìpàtẹ wọn níbẹ̀ lè wo ọkọ̀, àmọ́ òṣìṣẹ́ kò gbọ́dọ̀ dárúkọ owó. Michigan náà fòfin dí wọn lọ́nà ní 2014. Wọ́n pẹjọ́ ní 2016, wọ́n sì parí rẹ̀ ní 2020. Ní New Mexico, orí ilẹ̀ àwọn ọmọ ìbílẹ̀ Nambé Pueblo ni wọ́n lọ ṣí ibùdó sí ní 2021, torí òfin ìpínlẹ̀ yẹn kò dé ibẹ̀. Ọgbọ́n ò tán láyé!

Ẹ má tètè bú àwọn alágbàtà o. Nígbà tí ọjà kú ní nǹkan bíi 1920, ńṣe ni Ford ń kó ọkọ̀ ránṣẹ́ sí àwọn alágbàtà tí kò béèrè fún un: kí wọ́n sanwó, tàbí kí wọ́n pàdánù iṣẹ́ wọn. Irú ìwà yẹn ló bí òfin tí Wisconsin ṣe ní 1937, tí àwọn ìpínlẹ̀ mìíràn sì tẹ̀ lé e. Àmọ́ Tesla ò ní alágbàtà kankan tó lè rẹ́ jẹ. Lójú tèmi, òfin náà kò wúlò níbi tí wọ́n gbé e dé yìí.

Kò sí irú òfin bẹ́ẹ̀ nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ohun tí ìjọba ń ṣọ́ níbí ni iye ọkọ̀ tí kò ní èéfín tí ilé-iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan ń tà: ìdá 22 nínú 100 ní 2024, ìdá 80 ní 2030. Bí owó bá yí padà lóru, tìrẹ nìyẹn. Ní oṣù kìíní 2023, Tesla gé owó ọkọ̀ rẹ̀ lulẹ̀, àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ rà á kàn ń wòran ni.

Ọ̀rọ̀ náà wá kan àwọn àǹkù wa tó ń wa Uber gbọ̀ngbọ̀n. Láti oṣù kìíní 2023, TfL kì í fún irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ ní ìwé àṣẹ àkọ́kọ́ àfi tó bá lè rìn láìtú èéfín. Òfin fún oníbàárà ní 30 ọjọ́ láti dá ọkọ̀ tó ní àléébù padà gbowó. Tó bá jẹ́ orí íntánẹ́ẹ̀tì ló ti rà á, ó tún ní 14 ọjọ́ láti yí ọkàn padà, àyàfi tí wọ́n bá dìídì ṣe ọkọ̀ náà fún un. Ẹni tó ń rà á fún ara rẹ̀ nìkan ni wọ́n ń pè ní oníbàárà níbí. Ẹni tó rà á ní pàtàkì láti fi ṣe takisí kò sí nínú wọn. Òfin 1979 ṣì sọ pé ọkọ̀ tí wọ́n tà fún un gbọ́dọ̀ dára, àmọ́ ìwé àdéhùn lè gé ẹ̀tọ́ yẹn kù. Nítorí náà, kí Dádì tó san àsansílẹ̀, ẹ bá wọn wo ibi tí wọ́n ti ń béèrè bóyá fún ara ẹni ni tàbí fún iṣẹ́.