Bí Ẹ́ńjìnnì Ọkọ̀ Àtijọ́ Bá Gbóná Jù

Ẹ jẹ́ ká sọ pé Peugeot 504 kan gbéra ní Ilé-Ifẹ̀, ó ń lọ sí Ẹdẹ. Ó dé Sẹ́kọ̀nà, abẹ́rẹ́ tó ń fi ooru ẹ́ńjìnnì hàn ti wọ ojú pupa, oruku omi sì ń jáde lábẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì. Kí ni ká ṣe?

Ká dúró. Ká pa ẹ́ńjìnnì. Ká má tíì fọwọ́ kan ìdérí rédíétọ̀ o! Omi inú ìkòkò tó ṣí sílẹ̀ ń hó ní dígírì 100. Ṣùgbọ́n ìdérí rédíétọ̀ ń há omi mọ́ inú, ìyẹn ló ń jẹ́ kó gbóná kọjá 100 láì hó. Bí a bá ṣí i lójijì, omi náà á hó lẹ́ẹ̀kan náà, á sì fò mọ́ wa lójú. Mẹkáníìkì lè tún rédíétọ̀ ṣe. Kò lè tún ojú ṣe.

Ká dúró bí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, títí rédíétọ̀ á fi ṣeé fọwọ́ kàn. Ká fi àkísà tó nípọn bo ìdérí, ká yí i díẹ̀ kí afẹ́fẹ́ kọ́kọ́ jáde, ká tó ṣí i tán. Ká má da omi tútù sínú ẹ́ńjìnnì gbígbóná, torí ó lè la irin rẹ̀.

Ṣùgbọ́n omi bíbù nìkan kì í ṣe àtúnṣe. Níbo ni omi ti ń jò? Ká wo àwọn rọ́bà tó ń gbé omi, bóyá ọ̀kan ti là. Ká fi àtàǹpàkò tẹ bẹ́líìtì. Bó bá rọ̀ jù, pọ́ǹpù omi ò ní yí dáadáa. Ní 1975 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í to 504 ní Kàdúná. Èyí tó bá ti ìgbà yẹn wá, ìpẹtà á ti dí rédíétọ̀ rẹ̀ nínú, eruku àti kòkòrò á ti dí i níta. Àwọn kan máa ń yọ tẹ́místátì sọnù. A ò fara mọ́ ọn. Bó bá bàjẹ́, ká pààrọ̀ rẹ̀.

Bí ọ́ìlì bá funfun bí ògì, omi ti wọ inú rẹ̀: ó lè jẹ́ pé tọ́ọ̀pù gásíkẹ́ẹ̀tì ti jó. Ká má wa ọkọ̀ náà mọ́, ká ní kí wọ́n fà á.

Ìjàpá ńkọ́? Volkswagen yẹn ò ní rédíétọ̀ rárá. Afẹ́fẹ́ ló ń mú ẹ́ńjìnnì rẹ̀ tutù, bẹ́líìtì kan náà ló sì ń yí jẹnẹrétọ̀ àti fáànù. Bí iná pupa jẹnẹrétọ̀ bá tàn níwájú yín, ẹ dúró lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, ẹ wo bẹ́líìtì náà. Bó bá ti já, ẹ má wà á dé Ẹdẹ, kò sí omi tí ẹ lè dà sí i. Ẹ máa gbé bẹ́líìtì kan sínú ọkọ̀ nígbà gbogbo.