Ẹ jẹ́ ká mọ̀: Eré di ìlọ́po méjì, bíréèkì ńkọ́?

Ọkọ̀ kan ń lọ tààrà, kìlómítà 36 ní wákàtí kan. Mítà 10 nìyẹn ní ìṣẹ́jú-àáyá kan. Awakọ̀ tẹ bíréèkì, eré náà sì ń fi mítà 5 dínkù ní ìṣẹ́jú-àáyá kọ̀ọ̀kan. Mítà 10 ni yóò rìn kó tó dúró.

Tó bá jẹ́ 72 ló ń sá ńkọ́? Ọ̀pọ̀ á ní mítà 20. Rárá o, 40 ni! Eré ti di 20. 20 lọ́nà 20 jẹ́ 400. Ẹ wá fi ìlọ́po méjì ìdínkù náà, ìyẹn 10, pín in. (A ò tíì ka ibi tí ọkọ̀ sáré dé kí ẹsẹ̀ awakọ̀ tó kan bíréèkì.)

Ẹ̀yin ọmọ girama, 108 ńkọ́? Ẹ bá wa ṣírò rẹ̀.